Ọ̀bẹ, kíréètì àti bàtà: bí àrùn ẹyẹ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ adìẹ àti ènìyàn, àti bí a ṣe ń dí i lọ́nà

Bí adìẹ bá ń tòògbé, tó ká ọrùn wọ inú ìyẹ́, tí kò jẹ, tí kò mu, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ni pé kí ẹnì kan sáré mú ọ̀bẹ wá kó tó di òkú. Owó ò gbọdọ̀ ṣòfò. Bó bá wá jẹ́ pé àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ló ń ṣe adìẹ náà, ọ̀bẹ yẹn gan-an ni ọ̀nà tó gbòòrò jù tí àrùn ń gbà kúrò lára adìẹ bọ́ sára ènìyàn. Ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ló ń kó bá ni. Ibi tí a ti ń dúńbú rẹ̀, tí a ti ń tu ìyẹ́, tí a ti ń fa ìfun yọ, ibẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Adìẹ tí a dúńbú máa ń jà, á máa fi apá gbọ́n ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ káàkiri. Ẹni tó dì í mú ti tẹrí ba sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná, wọ́n á máa tu ú, ìgbẹ́ tó ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ á rọ, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Òógùn á bọ́ sójú, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan náà nù ún. Ó parí. Omi gbígbóná yẹn kì í dé inú ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró adìẹ kó tó di pé wọ́n yọ ọ́, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àrùn pọ̀ sí jù.

Kòkòrò àrùn náà ń gba ẹnu, imú àti ìdí ẹyẹ jáde. Èyí tó bá ìgbẹ́ jáde ló ń bani lẹ́rù jù, nítorí kì í tètè kú. Nínú ìgbẹ́ tó tutù bí inú fíríìjì, ìyẹn 4°C, ó lè wà láàyè fún ọjọ́ 35. Níbi tí ooru bá dé 37°C, bí ọjọ́ mẹ́fà. Ilé adìẹ lágbègbè wa kì í tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n abẹ́ kéèjì tó rin, tó ṣókùnkùn, kì í gbóná tó 37°C nígbà ọyẹ́. Oòrùn àti ilẹ̀ gbígbẹ a máa pa á. Òjìji àti ọ̀rinrin a máa pa á mọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ adìẹ ló ń kó o. Kòkòrò àrùn gbọ́dọ̀ rí ibi tó lè so mọ́ lára kó tó wọlé. Irú ibi tí ti ẹyẹ yìí ń wá kò pọ̀ nínú imú àti ọ̀fun wa. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló pọ̀ sí, ó sì wà lára ẹyinjú pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ kọjá kì í fi í kó o, tí ẹni tó fi wákàtí méjì gbá ìgbẹ́ gbígbẹ nínú ilé tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè fi lè kó o: eruku tó fà símú ló gbé e dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí náà nìyí tí kì í fi í rọrùn fún un láti ti ara ènìyàn kan bọ́ sára òmíràn. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 tí wọ́n ti rí i lára màálù oníwàrà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó kó o níbẹ̀ ló jẹ́ pé ojú pípọ́n ni àmì tí wọ́n rí lára wọn. Ọwọ́ tó ti dọ̀tí kò gbọdọ̀ kan ojú.

Kò jìnnà sí wa rárá. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí H5N1, ìyẹn irú àrùn ẹyẹ tí à ń sọ yìí, lára adìẹ, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ní oṣù kejì ọdún 2006. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, obìnrin ẹni ọdún 22 kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó. Ó padà dé ní 2015, ó tún padà ní 2021. Ní gbogbo àgbáyé, ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé wọ́n kó H5N1 láti 2003, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú. Lóòótọ́, ẹni tí tirẹ̀ kò le lè máà dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì kà á mọ́ wọn. Síbẹ̀, kì í ṣe àrùn tí a fi ń ṣeré.

Bó ṣe ń wọ inú oko

Afẹ́fẹ́ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dá lẹ́bi. Eruku lè gbé e láti ilé adìẹ kan sí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n láti Ìpetumodù dé Ilé-Ifẹ̀, tàbí láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé Iléṣà, àwa ènìyàn la sábà máa ń gbé e: nínú kíréètì, lábẹ́ bàtà, lára táyà, nínú àpò fíìdì tí a yá lọ́wọ́ ara wa.

Kíréètì ẹyin ni ká kọ́kọ́ mú. Oníbàárà tó ń ra ẹyin ní oko mẹ́rin lọ́jọ́ kan ń kó kíréètì òfìfo láti ọ̀kan lọ sí èkejì. Ẹ mú ọ̀kan nínú kíréètì páálí yẹn, ẹ yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: ẹ ó rí ìyẹ́ wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ojú ihò, ẹ ó rí ẹyin tó fọ́ tó sì gan, ẹ ó rí ìgbẹ́ tó ti gbẹ di èépá. Kò sí bí a ṣe lè fọ páálí. Bẹ́ẹ bá bu omi sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ bá sá a sóòrùn fún wákàtí kan, oòrùn kò ní dé ìsàlẹ̀ ihò. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé kí kíréètì páálí má ṣe padà wọ oko: ẹ ta ẹyin pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má gba òfìfo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹn bá wọ́n jù, ẹ ra kíréètì oníke. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ihò rẹ̀ á fi mọ́, ẹ wá rì í sínú omi bleach fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ. Níta ọgbà oko ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ.

Bí a ṣe ń po omi bleach nìyí. Ẹ wo ara ike rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3.5% ni wọ́n kọ síbẹ̀, ife bleach kan sí ife omi mẹ́fà ni. Ìyẹn á fún yín ní 0.5%, ó sì tó fún kéèjì, kíréètì àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ má fi wẹ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi lásán tó fún ọwọ́, nítorí ọ̀rá ló bo kòkòrò àrùn yìí lára, ọṣẹ a sì máa bó ọ̀rá náà kúrò. Òwúrọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó ni kẹ́ ẹ po ó. Bó bá di ọjọ́ kejì, agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Izal tàbí ohunkóhun tó ní ásíìdì nínú, oòru rẹ̀ lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró yín níjàǹbá. Ẹ fọ ìdọ̀tí kúrò kẹ́ ẹ tó lò ó. Ìgbẹ́ a máa jẹ agbára bleach tán kó tó kan kòkòrò kankan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oko ti ń fi owó ra òfo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí sí omi àtẹ̀wọlé, ìyẹn omi apakòkòrò tí a ń ti bàtà bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko. Wọ́n po ó lọ́jọ́ Ajé, oòrùn pa á, òjò là á, gbogbo èèyàn ti ẹrẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti di omi ẹ̀gbin tí a ń fi ẹsẹ̀ pín. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji. Kí ó jìn tó ìka mẹ́rin. Kí búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kọ́kọ́ họ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀, àti nígbàkígbà tí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ká sọ òótọ́, bàtà tí kì í jáde kúrò nínú ilé adìẹ dára ju omi àtẹ̀wọlé lọ. Ẹ fa ìlà kan sẹ́nu ọ̀nà, kí pákó kékeré kan dábùú rẹ̀. Ní ìhín ni ẹ ó ti bọ́ bàtà ìta, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kọjá pákó, ẹ ó sì kì í bọ bàtà rọ́bà tó wà ní ọ̀hún. Ilé adìẹ kọ̀ọ̀kan ní bàtà tirẹ̀. Àlejò, oníbàárà ẹyin, ẹni tó ń ra ìgbẹ́ adìẹ fún oko, ẹni tó gbé fíìdì wá: kò sí èyí tó gbọdọ̀ kọjá ìlà yẹn, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó. Ẹni tó ń gún adìẹ lábẹ́rẹ́ láti oko dé oko ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, nítorí òun gan-an ló ń fọwọ́ kan adìẹ gbogbo ènìyàn. Ẹ pèsè bàtà àti aṣọ ìwọ̀sílẹ̀ tiyín fún un.

Adìẹ tuntun: ibi ọ̀tọ̀ ni, fún ọjọ́ 14 ó kéré tán, ọjọ́ 21 ló dára jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú ti ilé tán ni kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ṣáájú. Èyí tẹ́ ẹ gbé lọ sọ́jà tí kò tà, ẹ má dá a padà sáàárín àwọn tó kù. Ẹ kà á sí adìẹ tuntun. Pẹ́pẹ́yẹ ń kọ́? Òun ló ń tanni jẹ jù. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé àrùn náà sára, kó máa yàgbẹ́ rẹ̀ síta, kó sì máa rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ẹ má sin òun àti adìẹ pọ̀ nínú ọgbà kan, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n jọ mu omi kan náà. Bákan náà ni omi odò àti adágún tí ẹyẹ omi ń bà lé. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fi kilorín-ìn sí i kẹ́ ẹ tó bù ú fún adìẹ. Nẹ́ẹ̀tì tó wà lójú fèrèsé, kí ihò rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ẹ̀gà àti ẹyẹlé má máa wá jẹ nínú fíìdì.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti mú ni kẹ́ ẹ ti le mọ́ gbogbo èyí. Ojú ọjọ́ tutù, ẹyẹ ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀, ọdún Kérésìmesì sì ń mú kí ọkọ̀ adìẹ máa ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn tọ̀sán-tòru.

Ní ọjà àti nílé ìdáná

Bó jẹ́ Odò-Ògbè ní Ifẹ̀ lẹ ti ń ra adìẹ, bó jẹ́ ọjà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà, ẹ kọ́kọ́ dúró kẹ́ ẹ wo gbogbo inú àgò, ẹ má wo ẹyọ kan tí wọ́n nà sí yín. Bí méjì nínú àgò bá ń tòògbé, ẹ má ra èyí tó ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má gbé adìẹ sí igbá àyà, ẹ má fẹ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀ láti wo ọ̀rá rẹ̀. Àṣà fífẹ́ yẹn, ojú àti ẹnu ló ń gbé lọ síbi tí ìgbẹ́ wà. Ẹ má sì kó ata, tòmátì àti adìẹ sínú àpò kan.

Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti pa á. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ sọ́dọ̀ adìẹ. Kí àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ adìẹ ṣeré lẹ́yìn náà ń bá àrùn ṣeré. Ẹ fi nǹkan bo imú àti ẹnu. Bí ìbọ̀wọ́ kò bá sí, ẹ di ọ̀rá nylon mọ́ ọwọ́ méjèèjì. Bẹ́ẹ bá ń fa ìfun yọ, ẹ rọra, kí ó má bẹ́. Ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ sin ín, ẹ má jù ú sí ajá. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbá ìyẹ́, nítorí ìgbálẹ̀ gbígbẹ ló ń sọ ìdọ̀tí di eruku. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ, pákó ìgé-ẹran àti abọ́, ẹ fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ àti abẹ́ èékánná, kó tó ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ọ̀bẹ tó gé adìẹ tútù kò gbọdọ̀ gé àlùbọ́sà kó tó kan ọṣẹ.

Jíjẹ rẹ̀ ni kò le. Ooru 70°C tó dé gbogbo inú ẹran ń pa kòkòrò àrùn yìí, bí a sì ṣe ń bọ adìẹ kí a tó dín in ju ìyẹn lọ. Ẹ la oríkèé itan rẹ̀ wò: bí omi tó ń jáde níbẹ̀ bá ṣì pupa, kò tíì jinná. Ẹyin, kí funfun àti pupa rẹ̀ ti gan. Fírísà kò lè pa á. Òtútù ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ bá rí ohun tó ń kọ yín lóminú

Àmì rẹ̀ lára adìẹ: ikú òjijì, nígbà mìíràn láìsí àmì kankan ṣáájú, ogbe orí àti ẹran tó rọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n tó wú, tó di bí àwọ̀ elése àlùkò, ojú tó wú, ẹ̀jẹ̀ tó sẹ́ sábẹ́ awọ ẹsẹ̀, bí àmì ọrẹ́, ikun, ìgbẹ́ olómi, ẹyin tó já wálẹ̀ lójijì tàbí tí èèpo rẹ̀ rọ̀. Nínú oko tó le sí, ó lè pa adìẹ tó pọ̀ jù nínú ilé kan láàárín ọjọ́ méjì.

Ọ̀pọ̀ á sọ pé lùkúlùkú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí lùkúlùkú náà ń pa òjijì, ó ń mú ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé wá, ó sì máa ń yí ọrùn adìẹ. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ti oníṣègùn ẹranko pàápàá. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n, ilé ìwádìí tó wà ní Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ló sì ń sọ ọ́ pàtó. Àmọ́ bí adìẹ yín bá ti gba abẹ́rẹ́ lùkúlùkú pé, tí wọ́n sì ń kú bí èṣúrú, ẹ má tún ra òògùn antibiotic kankan sínú omi wọn. Kò lè pa kòkòrò yìí, àkókò tí ẹ fi ń retí rẹ̀ sì ń fún àrùn láyè.

Ẹ ti géètì. Adìẹ, ẹyin, ìgbẹ́, kíréètì, ohunkóhun kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ má ta àwọn tó ṣì dá ṣáṣá; ọjọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n ní pọ̀ọ́kú ni àrùn dé ọjà. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko ìjọba, nípasẹ̀ ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ má la òkú adìẹ fúnra yín láti wo ohun tó pa á. Ẹ fi ọ̀rá méjì di bíi mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹ gbé e sí ibi tó tutù fún dókítà náà. Àwọn kan ń bẹ̀rù láti sọ nítorí wọn ò fẹ́ kí ìjọba pa ìyókù. Ó yéni. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ náà á kú bákan náà, ìjọba sì ti san owó gbà-má-bínú rí fún adìẹ tí wọ́n pa. Kò sí ẹni tó lè sanwó fún òkú tí ẹ ti dà nù ní bòókẹ́lẹ́.

Bó bá di sísin, kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30, kó má sì sí lẹ́bàá odò. Ẹ kó wọn sí i, ẹ bu ìyẹ̀fun láìmù lé wọn, kí iyẹ̀pẹ̀ tó bò wọ́n nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ajá má lè hú u. Ẹ má fi òkú adìẹ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ni àrùn ẹyẹ àti ọ̀fìnkìn ènìyàn ti lè pàdé kí wọ́n da ara wọn pọ̀ di òmíràn.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan wọn, ẹ máa wo ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán. Ọjọ́ méjì sí márùn-ún ni àìsàn náà sábà fi ń hàn, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ 17. Ibà, ikọ́, ọ̀fun dídùn, ojú pípọ́n, àìlèmí dáadáa. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n á ní ibà ẹ̀fọn ni, wọ́n á ra òògùn ní kẹ́míìsì, ọjọ́ mẹ́rin á ti lọ. Bẹ́ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ ti OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, ẹ wọ ìbomú, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ jẹ́: "Adìẹ kú nílé wa, mo sì fọwọ́ kàn án." Bẹ́ẹ ò bá sọ ọ́, kò sí ohun tó máa jẹ́ kí dókítà rò ó. Òògùn kan wà tó ń jẹ́ oseltamivir; láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, tí a ń pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.

Kẹ́ ẹ tó tún kó adìẹ sí ilé tí àrùn ti wọ̀, ẹ bu omi sí ìyẹ̀fun pákó àti ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ kó o jáde, ẹ kó o jọ, ẹ fi tapólì bò ó fún ọjọ́ 42 kó tó di ajílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ ilé náà láti àjà dé ilẹ̀, ẹ wá fi òògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo fún ọjọ́ 21. Bí dókítà ẹranko bá fọwọ́ sí i, ẹ kó bí ogún adìẹ péré sí i, káàkiri inú ilé, kì í ṣe ní igun kan. Bí wọ́n bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kankan kò ṣàìsàn, ẹ lè san owó ìyókù.